Ẹ̀rín Tó Wà Lẹ́yìn, Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Ìtàn tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Elétí Márùn-ún ni ti ọjọ́ tí àwọn àna rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin náà tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń mú bàbá àti ìyá rẹ̀ bọ̀ wá mọ ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá ọkọ yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ṣeré o. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, bó bá wọ kíláàsì, eṣinṣin gan-an á dákẹ́. Ìyàwó Elétí Márùn-ún àti ọmọ wọn ti wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún baálé: kó jókòó sí yàrá ìgbàlejò, kó máa fetí sí ẹnu ọ̀nà.

Ó sì jókòó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ó ní kí òun fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré yẹ fíìmù kan wò. Fíìmù kan náà tó ti ní nílé lẹ́ẹ̀mẹta ni. Èyí ni ẹ̀dà kẹrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lánàá, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ pé ohùn inú rẹ̀ yóò yí olùwòran ká tọwọ́ ọ̀tún tọwọ́ òsì, tiwájú tẹ̀yìn.

Ọkọ̀ ojú irin inú fíìmù náà ń sáré gba àárín pápá kọjá nígbà tó gbọ́ ọ, lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún: kò, kò, kò.

Ó ta gìrì. Nínú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti gbọ́, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn níbi yẹn. Ó fi rìmóòtù dá fíìmù náà padà. Kò, kò, kò! Ó tún dún, ó tilẹ̀ lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ẹ̀dà kẹrin. Ẹ̀yìn, ọ̀tún. Ilẹ̀kùn. Igi gidi. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá."

Ìgbà náà ni ohùn ọkùnrin kan tó ki dáadáa sọ lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún pé, "Ẹ ǹlẹ́ o! Ṣé kò sẹ́ni nílé ni?"

Elétí Márùn-ún fò dìde. Ó kígbe sí ilé ìdáná, "Ìyá ọmọ, sáré wá gbọ́! Wọ́n ti fi èdè wa sí i!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí ọ̀gá ilé-ìwé, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé, àti ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀, tí oòrùn ń pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá ilé-ìwé kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ wa ni?"

"Mo gbọ́ yín dáadáa," Elétí Márùn-ún dáhùn. "Mo tilẹ̀ fún yín ní mẹ́sàn-án."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ṣá. Ọ̀gá ilé-ìwé kì í tìjú láti sọ pé àtìgbà tí òun ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì, ọjọ́ yẹn ni ẹnìkan kọ́kọ́ fún òun.

Etí méjì ni ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn o. Sípíkà inú yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ni márùn-ún: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pákó tó fi ìṣó kàn mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹfà wà lábẹ́ tábìlì, èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa kù rìrì lọ. Àbúrò Àrá ni ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Nínú àwo mẹ́fà tí wọ́n fi ta tọkọtaya náà lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, Àbúrò Àrá ti gbọ̀n mẹ́rin bọ́ láti orí pẹpẹ.

Ilé sinimá ló ti rí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Òun ló ń yí fíìmù nínú yàrá kékeré òkè, tó ń yọjú láti inú fèrèsé tí kò fẹ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Nígbà tí sinimá kógbá wọlé, tí wọ́n sọ ilé náà di ibi tí wọ́n ń kó símẹ́ǹtì sí, ọ̀gá wọn ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó bá wù ú. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mú fáànù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kó àga mẹ́wàá. Òun gbé àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sípíkà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Sinimá wọlé lọ, yàrá ìgbàlejò rẹ̀ di sinimá.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé eré lásán ló ń ṣe. Ohun kan wà tó ń wá.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn onífíìmù kan wá láti òkè òkun, wọ́n wá ya apá kan fíìmù wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n wá ṣe èrò. Olórí òṣèré sáré pé òun fẹ́ fò sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó pọ̀ọ̀ sínú ọpọ́n ìfọṣọ tó kún fún omi. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín wọn ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rín obìnrin kan ṣẹ́kù. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, bí ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní bá wọn dákẹ́.

Ọjọ́ tí fíìmù náà dé sinimá, láti ara ògiri ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni ẹ̀rín yẹn ti jáde. Elétí Márùn-ún, ayífíìmù ọ̀dọ́ tó wà lókè, gbọ́ ọ, ó ki orí bọ fèrèsé, orí há síbẹ̀, fíìmù sì tán lórí ẹ̀rọ láìsí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn èrò ń hó lé e lórí. Nígbà tó rí orí rẹ̀ yọ, tó wá sáré sọ̀kalẹ̀, ó bá ọmọge kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ rí mi àbí ẹ ò rí mi? Mo wà láàárín èrò!"

"Ẹ̀rín tó ṣẹ́kù yẹn," ayífíìmù béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ṣé ìwọ ni?"

Ọmọge náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi ni," ó ní.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ra. Fíìmù náà kúrò ní sinimá, ó sì di ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó máa tà á fún wíwò nínú ilé. Ẹ̀dà kìíní, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni. Wọ́n kó gbogbo ohùn sójú kan bí ẹni di aṣọ gbogbo ilé sínú báàgì kan, ẹ̀rín náà kò ṣeé yọ láàárín wọn. Ẹ̀dà kejì, wọ́n gé e mọ́ ẹ̀rín èrò. Ẹ̀dà kẹta, àwọn kan ní àwọn fọ ohùn rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fọ ẹ̀rín náà dànù mọ́ ìdọ̀tí. Ẹ̀dà kẹrin, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn àna lọ tán, tó wá gbọ́ ọ délẹ̀, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ rárá.

Ó fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́, àti àwọn tí kò dúró.

"Bàbá ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ á ní, "èmi nìyí nínú ilé. Bó bá ṣe ẹ̀rín lẹ fẹ́, ẹ sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín."

"Tìẹ yàtọ̀," á dáhùn. "Tinú fíìmù yàtọ̀."

Ìyàwó á kó àwo rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ọkùnrin tó ń ta fíìmù lópòópónà ló sì fara gbá ẹnu àáké náà. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Lọ́jọ́ kan, Elétí Márùn-ún dá fíìmù mìíràn tó rà padà fún un.

"Bàbá, kí ló tún dé?"

"Òjò inú ẹ̀ ò dáa."

"Òjò?"

"Iwájú nìkan ló ń rọ̀ sí. Ẹ̀yìn mi gbẹ táútáú. Ìwọ náà sọ, níbo lo ti rí òjò tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"Bàbá, fíìmù ni mo tà fún yín. Mi ò ta òjò."

"Wọ́n ní ohùn á yí mi ká. Kò yí mi ká. Ó kàn kí mi níwájú, ló bá lọ."

Àwọn oníbàárà méjì tó dúró níbẹ̀ gbọ́. Èkíní gbé fíìmù tó fẹ́ rà sókè, ó ní, "Eléyìí ńkọ́, ṣé òjò tiẹ̀ dé ẹ̀yìn?" Kí oṣù náà tó parí, kò sí ẹni tó ń ra fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láì béèrè nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bí ọlọ́jà nínú, lẹ́yìn náà ó gbọ́n. Ó gbé àpótí kékeré kan sílẹ̀ fún bàbá náà láti máa jókòó, ó sì kọ ọ́ sára páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù pé: ELÉTÍ MÁRÙN-ÚN TI GBỌ́ Ọ. Láti ọjọ́ náà ni ìjà wọn ti di ọ̀rẹ́.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tirẹ̀ kò sí lójú rárá, etí ló wà. Ó máa ń dijú wo fíìmù. Ó ti wo fíìmù ọkọ̀ ojú irin yẹn ju igba ìgbà lọ, bí ẹ bá sì bi í pé àwọ̀ wo ni aṣọ olórí òṣèré, á ní kí ẹ lọ bi àwọn tó ń wòran.

Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà sún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí Ọlọ́run fún lára dáadáa, wá kí i lọ́jọ́ kan, ó sì fara ti ògiri níwájú sípíkà ẹ̀yìn òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀. Ẹ ń mu ohùn mi."

"Mo ń mu kí ni? Omi lásán o ò tíì fún mi mu!"

Ó sún ṣá. Ó tún sún nígbà méjì sí i, títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti mu omi rẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀dà karùn-ún dé, tí ẹ̀kẹfà dé, tí kò sí èyí tó ní ẹ̀rín nínú. Nígbà tó pé ọmọ àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣàkíyèsí pé bí òun bá sọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, kì í dáhùn. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ sí i létí méjèèjì, ó ní kó máa na ọwọ́ apá ibi tó bá ti gbọ́ ohùn. Ọwọ́ òsì nìkan ni bàbá ń nà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Ti òsì dáa, ti ọ̀tún ti kú."

Nọ́ọ̀sì kò jiyàn. Ó yí ẹ̀rọ náà padà, ó gbé èyí tó wà lọ́tùn-ún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bàbá tún na ọwọ́ òsì.

"Ó mà ṣe o! Ẹ ti ba èkejì náà jẹ́!"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí rẹ̀, ó sì rọra wí pé, "Bàbá, ẹ̀rọ wa ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n padà sílé. Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń rò: ọ̀tún ni ẹ̀rín yẹn wà.

"Ẹ jẹ́ kó tán báyìí," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ ti gbìyànjú."

"Ó ku etí kan," ó ní.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́jà fíìmù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹ̀dà keje wá sílé. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kan rí téèpù àtijọ́ gan-an tí wọ́n fi gba ohùn fíìmù náà, wọn ò sì gé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Elétí Márùn-ún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan mú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé àga kúrò nínú ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó sì yí i padà.

Ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ gbígbẹ wọlé láti orí okùn nígbà tó bá a níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun sì kọjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ ń wò lára ògiri?"

"Dákẹ́ ná. Wá jókòó."

Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí fíìmù, sípíkà ẹ̀yìn ọ̀tún ti bọ́ sí apá òsì rẹ̀, níbi tí etí tó gbọ́ràn wà. Ó tẹ rìmóòtù. Omi ta pọ̀ọ̀, èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn lọ sílẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Bàbá di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn, àbí?"

Ìyàwó rẹ̀ wo ògiri náà pẹ́ díẹ̀. "Èmi ni," ó ní.

"O ṣeun," ọkọ rẹ̀ wí.

Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tó sùn lórí àga yẹn, tí kò jí mọ́. Inú rẹ̀ dùn ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, gbogbo wa la rí i.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n jókòó sí yàrá ìgbàlejò náà: opó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, àti ọlọ́jà fíìmù. Kò sí ẹni tó jẹ́ jókòó sórí àga àárín. Ọ̀gá ilé-ìwé tún ìtàn ilẹ̀kùn sọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ti omi tó mu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Ọmọ obìnrin náà wá ní kí àwọn gbọ́ ẹ̀rín Màmá. Ó fi ẹ̀dà keje sínú ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́ ọ.

"Màmá, ẹ̀rín yín dùn o," ó ní.

Opó náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi kọ́ ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Obìnrin kan tó dúró tì mí ni. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Èmi ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Omi ọpọ́n yẹn ta sí aṣọ tuntun tí mo wọ̀, inú ló ń bí mi. Ìgbà tí bàbá yín wá sáré sọ̀kalẹ̀, tó ní ṣé èmi ni, mo wò ó, mo rí i pé ó dára lọ́kùnrin. Kí ni kí n wí? Mo ní èmi ni. Mo ní màá sọ fún un tó bá dọ̀la. Ọ̀la wá di ogójì ọdún. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, àyà mi á já: kó má lọ gbọ́ ọ kó mọ̀ pé ohùn mi kọ́. Etí tó ní yẹn." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Irọ́ ni mo fi wọlé ọkùnrin yẹn. Ó kú, mi ò sọ fún un. Ó dùn mí."

Ọlọ́jà fíìmù ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wú ikọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bàbá mọ̀."

"Ó mọ kí ni?"

"Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, Bàbá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí, ṣebí ẹlẹ́rìn-ín wà nílé. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀, wọ́n ní, 'Kì í ṣe tiẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo mọ̀ ọ́n ló rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ti mọ̀. Ṣé etí tèmi ló máa ṣi irú ẹ̀ gbọ́?' Mo ní, kí lẹ wá ń wá? Wọ́n ní, 'Ẹ̀rín yẹn ló ṣe alárinà wa. Wọ́n ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀ba. Èmi ò fẹ́ kó yẹ̀ba láìjẹ́ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.' Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ti fi pamọ́ pẹ́, ẹ sì mọ̀ ọ́n fi pamọ́ dáadáa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Opó náà yíjú sí àga tó wà láàárín yàrá. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n rò pé ẹkún ni, ẹkún sì ni ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rín tó gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fọwọ́ bo ẹnu, kò ṣeé bò, ó yọwọ́. Kò jọ ti inú fíìmù rárá. Ó kúrú, ó rinlẹ̀, ó ń há díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun kó tó jáde, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin na ọwọ́ mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ dáadáa.